Ìtàn Omi Ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, àti Ipò Kọ̀ǹpútà Nínú Ètò Omi Alálòpẹ́ fún Ìlú Ńlá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn ìpèsè omi ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, láti ìgbà tí odò àti kànga nìkan jẹ́ orísun omi títí di àkókò tí kọ̀ǹpútà di irinṣẹ́ àwọn tí ń ṣètò omi fún ìlú ńlá. Ó ṣe àlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àwòṣe orí kọ̀ǹpútà, ó sì fi adágún odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ ìṣirò tí olùkọ́ lè ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kókó tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ìtàn omi ní àwọn ìlú wọ̀nyí jẹ́ ìtàn àkọsílẹ̀ pẹ̀lú.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá gbà pé omi kò ní ọ̀tá. Ọba ń mu ún, ìwọ̀fà ń mu ún. Òun ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun náà ni a fi ń wẹ òkú. Síbẹ̀, ohun tí kò ní ọ̀tá yìí ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nídìí kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Tákíè, tí ó jẹ́ ojúkò ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní àwọn àdúgbò Ọ̀yọ́, kì í ṣe ohun àjèjì láti rí ọmọ iléèwé tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tàbí mẹ́ruwà tí ó ń ti ọmọlanke tí omi títà kún inú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ wá omi kí ó tó wá ìwé, ó ti pẹ́ dé kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú méjèèjì yìí ní ìsédò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dáàmù, tí ìjọba kọ́ fún omi mímu láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kí ni ó dé tí ìlú tí ó ní ìsédò tún fi ń gbẹ́kẹ̀ lé kànga àti kànga-dẹ̀rọ? Kí sì ni kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn. Ọ̀nà tí ó gbà ni láti kọ́kọ́ wo ìtàn, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi ìlú ti ṣàn wá kò lè mọ ibi tí yóò ṣàn lọ.

Ìlú àti Omi Kí Omi Ẹ̀rọ Tó Dé

Ìtàn fi yéni pé ọdẹ ni Ògúnlọlá, ẹni tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó lábẹ́ igi àjàgbọn ní nǹkan bí àárín sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Orúkọ ìlú náà, èyí tí ó ti inú Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá, ni ó pa ìtàn ìṣẹ́gun rẹ̀ lórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ mọ́. Ọ̀yọ́ òde òní ní tirẹ̀ ni ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọ̀jà ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ogun sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ó sọ ìlú méjèèjì di ńlá, nítorí pé àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn sá di wọ́n. Ohun tí ẹni tí ogun ń lé ń wá ni odi, olórí alágbára àti ilẹ̀ tí a lè dá oko sí. Bóyá omi ibẹ̀ yóò tó ọmọ àti ọmọ-ọmọ kò sí lára ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dúró rò.

Orí àpáta àtayébáyé ni ìlú méjèèjì wà. Irú ilẹ̀ báyìí kì í ní omi púpọ̀ nísàlẹ̀. Inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà àti inú àlàfo ibi tí àpáta ti sán nìkan ni omi ń fara pamọ́ sí. Òjò a máa rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù kẹwàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gbẹlẹ̀ yóò dé, omi kànga yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Kànga tí okùn kúkúrú ń kan omi rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án lè di ibi tí a ti ń gbọ́n ẹrẹ̀ ní oṣù kẹta.

Àwọn àgbà mọ èyí, wọ́n sì ní ètò tiwọn. Wọ́n mọ ìsun tí kì í gbẹ àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú lé. Àmù ńlá wà ní ìgun ilé, a sì ń gbé ìkòkò àti agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ nígbà òjò. Odò tí ó jẹ́ ti òrìṣà ní èèwọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ ọ̀hún kò sì jẹ́ kí a da ìdọ̀tí sí i. Ìmọ̀ yìí wúlò gan-an níwọ̀n ìgbà tí ìlú ṣì kéré. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, tí ṣáláńgá àti kànga wá ń fara kan ara wọn, agbára rẹ̀ dín kù.

Àpẹẹrẹ kan tí kò ṣe é gbàgbé ni ti sòbìyà. Inú omi adágún àti omi kànga tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wọ̀ ni kòkòrò àrùn yìí ti ń ran. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní i káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, iye wọn lé ní 650,000, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára ibi tí ó ti jà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìyà. Omi mímọ́, asẹ́, ìlàlóye àti kíkà ni ó lé e lọ. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni ẹnìkan ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó ní i sílẹ̀ lóṣooṣù, kí àwọn elétò ìlera lè mọ omi tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní i ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe pàtàkì: àkọsílẹ̀ ni ó ṣáájú ìṣẹ́gun.

Omi Ẹ̀rọ Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Èkó ni omi ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1910 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjú. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó ṣàn rárá ni awuyewuye lórí owó omi ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa ṣe aṣíwájú ẹgbẹ́ People's Union, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ẹgbẹ́ náà sì dìde sí ni owó omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn pé omi ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin àti símẹ́ǹtì nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí yóò mu ún ni pẹ̀lú. Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ ní 1914. Ní Ìbàdàn, ìsédò Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1942.

Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dúró di ìgbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1957 kí ìsédò tiwọn tó dé. Ní 1961 ni a ṣe ìsédò Erelú fún ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1964 ni a sé odò Ọbà fún ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní àsìkò náà. Ó wà ní ipò yìí láti 1959 sí 1966, àyàfi oṣù díẹ̀ tí ìjọba pàjáwìrì fi wà ní 1962. Odò Ọbà fúnra rẹ̀ ní ìtàn: ìyàwó Ṣàngó ni Ọbà nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, odò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, orogún rẹ̀.

Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ adágún Ọbà fẹ̀ tó 321 kìlómítà níbùú àti lóòró. Ojú omi adágún náà jẹ́ 138 hẹ́kítà, omi tí ó sì lè gbà bí ó bá kún jẹ́ mílíọ̀nù 3.52 kúbíkì mítà. Bí a bá fi fífẹ̀ yìí pín omi náà, a ó rí i pé ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ní ìpíndọ́gba kò ju mítà 2.55 lọ. Adágún pẹrẹsẹ ni. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá síwájú.

Ní 1976, ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, a sì dá àjọ tí ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Èrò tí ó gbòde nígbà náà ni pé ìsédò ńlá ni yóò yanjú ìṣòro omi. Ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni a ṣètò láti gba mílíọ̀nù 690 kúbíkì mítà, èyí tí ó sún mọ́ ìlọ́po 200 adágún Ọbà. Omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná ni a ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà fi wà láìparí. Ìtàn yìí kọ́ni pé omi tí ó pọ̀ lẹ́yìn ògiri kò tíì di omi inú ife.

Kí Ni Àwòṣe Orí Kọ̀ǹpútà?

Àwòṣe ni ohun tí a ṣe láti jọ òmíràn, kí a lè fi mọ ìwà ohun náà kí a tó fọwọ́ kàn án. Aránṣọ kì í sáré ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ òkè olówó iyebíye; bébà ni ó kọ́kọ́ ń gé. Bí ó bá ṣì í gé, bébà ni ó ṣòfò. Bákan náà ni ó rí fún onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó fi nọ́ńbà ya àwòrán odò, adágún, páìpù, táńkì àti aráàlú. Ó lè bi àwòṣe náà léèrè pé: bí òjò bá pẹ́ kí ó tó rọ̀ ńkọ́? Bí páìpù kan bá bẹ́ ńkọ́? Bí ènìyàn bá di ìlọ́po méjì ńkọ́? Kò sí ẹni tí òùngbẹ yóò gbẹ nítorí àṣìṣe orí àwòṣe.

Irú ìṣirò yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1936, Hardy Cross, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde láti ṣírò bí omi yóò ṣe pín ara rẹ̀ nínú páìpù tí ó so kọ́ra bí àwọ̀n. Òfin méjì ni ó rọ̀ mọ́. Èkíní, iye omi tí ó wọ oríta páìpù gbọ́dọ̀ bá iye tí ó jáde níbẹ̀ dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí iye ọkọ̀ tí ó wọ oríta Tákíè ṣe gbọ́dọ̀ bá iye tí ó jáde dọ́gba bí kò bá sí èyí tí ó dúró síbẹ̀. Èkejì, bí a bá tọ páìpù yí po títí a fi padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, agbára tí omi pàdánù àti èyí tí ó jèrè gbọ́dọ̀ pa ara wọn rẹ́. Onímọ̀ náà yóò kọ́kọ́ méfò, yóò wo àṣìṣe rẹ̀, yóò tún un ṣe, yóò sì máa tún un ṣe títí àṣìṣe yóò fi kéré jọjọ. Fún ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni èyí ń gbà lórí bébà.

Kọ̀ǹpútà ni ó gba iṣẹ́ àtúnṣe yìí kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Ní 1963 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1962 àti 1963 ni a sì torí rẹ̀ gbé e wá. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni a sé odò Ọbà. Ní Amẹ́ríkà, ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ SWMM, fún ìṣirò omi òjò nínú ìlú, jáde ní 1971. Ní 1993, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká gbé EPANET jáde fún ìṣirò omi inú páìpù, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, owó ìwé-àṣẹ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìdíwọ́ mọ́ fún ìlú tí kò lówó. Ìdíwọ́ wà ní ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ètò omi alálòpẹ́ ni èyí tí ó pèsè omi fún ti òní láìsọ ti ọ̀la di gbígbẹ. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ètò kan jẹ́ alálòpẹ́ bí a kò bá ní ọ̀nà láti wo ọ̀la. Yorùbá sì ti sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwòṣe: a kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí a pa á tì. Bí òjò, ènìyàn àti páìpù bá ti yí padà, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Adágún Ọbà Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ Ìṣirò

Àwòṣe tí ó rọrùn jù lọ ni èyí tí ó ń ṣe ìṣirò àpò: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye tí ó ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé adágún Ọbà kún dẹ́múdẹ́mú ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, àti pé omi tuntun kò wọ inú rẹ̀ títí di òpin oṣù kẹta. Ọjọ́ 151 nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a lo iye ènìyàn tí ìkànìyàn 2006 gbé jáde fún ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, 198,720, àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, 100,815. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 299,535. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí omi tí ó jáde ní 2000 sọ pé ó yẹ kí ará ìlú ńlá ní lítà 120 lójúmọ́, kí ará ìlú kékeré ní lítà 60, kí ará ìgbèríko sì ní lítà 30.

Oòrùn náà ń mu nínú omi yìí. Bí a bá gbà pé mìlímítà 5 ni oòrùn ń fà lójú omi lójoojúmọ́, lórí 138 hẹ́kítà, kúbíkì mítà 6,900 ni yóò máa lọ sójú sánmọ̀ lójúmọ́. Èyí kọjá ìdá mẹ́ta nínú ohun tí aráàlú yóò lò bí wọ́n bá ń gba lítà 60. Pípẹrẹsẹ adágún náà ni ó fà á: láàárín ọjọ́ 151, oòrùn lè mu ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú omi rẹ̀. Èsì ìṣirò náà nìyí:

(a) Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gba lítà 120, tí páìpù kò sì jò, omi yóò tán ní ọjọ́ 82, èyí tí ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìíní.

(b) Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gba lítà 60, tí páìpù kò sì jò, omi yóò tó ọjọ́ 141. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí òjò dé.

(d) Bí wọ́n bá ń gba lítà 60, ṣùgbọ́n tí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún omi ń jò dànù lọ́nà, omi yóò tó ọjọ́ 108.

(e) Bí wọ́n bá ń gba lítà 60, tí páìpù kò jò, ṣùgbọ́n tí ẹrẹ̀ ti gba ìdá mẹ́rin inú adágún, omi yóò tó ọjọ́ 106.

(ẹ) Bí páìpù bá ń jò, tí ẹrẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, lítà 60 kan náà yóò tán ní ọjọ́ 81.

Ẹ fi (a) wé (ẹ). Ìlú kan ń fún ènìyàn rẹ̀ ní lítà 120, ó sì tọ́jú páìpù àti adágún rẹ̀. Ìlú kejì ń fún wọn ní lítà 60 péré, ṣùgbọ́n kò tọ́jú ohunkóhun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìgbà tí omi àwọn méjèèjì yóò tán. Ohun tí àìtọ́jú gbà lọ́wọ́ ìlú kejì sún mọ́ ìdajì omi rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan mu ún. Ìsédò tuntun kọ́ ni oògùn irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ààlà ìṣirò yìí. Ìdá ọgbọ̀n fún jíjò àti ìdá mẹ́rin fún ẹrẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò wọ̀n wọ́n ní adágún Ọbà. Bí omi bá ṣe ń fà ni ojú rẹ̀ yóò máa kéré sí i, ohun tí oòrùn ń mu yóò sì dín kù. Kì í ṣe gbogbo omi inú adágún ni a lè fà tán, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń fojú sọ́nà fún omi ẹ̀rọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ní kànga. Àwòṣe orí kọ̀ǹpútà lè fi gbogbo èyí kún un, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ogójì ọdún òjò. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò béèrè ni pé: òjò ogójì ọdún náà dà?

Iye Ènìyàn: Ibi Tí Ìṣirò Ti Ń Kọsẹ̀

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí a lò lókè yìí, èyí tí ó dà bíi pé ó dájú jù ni iye ènìyàn. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn 1952 gbé 139,535 jáde fún ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ti 1963 gbé 319,881 jáde. Bí ìlú náà bá dàgbà ní ìwọ̀n ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún láti 1952, nǹkan bí 183,000 ni ìbá jẹ́ ní 1963. Àlàfo tí ó wà láàárín 183,000 àti 319,881 tó odindi ìlú mìíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì, ìkànìyàn 2006 fún ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ní àpapọ̀ tí ó kéré sí ti 1963.

Ààlà ilẹ̀ tí a kà kì í ṣe ọ̀kan náà, èyí sì jẹ́ apá kan lára àlàyé. Apá kejì ni ìṣèlú. Iye ènìyàn ni a fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti owó, ìdí nìyí tí a fi wọ́gi lé kíkà ọdún 1962, tí a sì tún un kà ní 1963, tí awuyewuye kò sì tán síbẹ̀. Ẹni tí ó ṣètò omi pẹ̀lú nọ́ńbà 1952 yóò kọ́ èyí tí ó kéré jù. Ẹni tí ó lo ti 1963 lè kọ́ èyí tí ó tóbi jù. Kọ̀ǹpútà kò ní bi nọ́ńbà léèrè ibi tí ó ti wá. Ohun tí a bá fún un ni yóò lọ̀. Bí ẹni gbé àgbàdo tí ó ní òkúta lọ sí ẹ̀rọ ìlọta ni. Ìtàn nìkan ni ó lè yẹ àgbàdo náà wò kí ó tó dé ẹ̀rọ. Nítorí náà, òpìtàn ní àyè nínú ètò omi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀rọ ti ní i.

Ohun Tí Àwọn Ìlú Mìíràn Ti Ṣe

Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú ìrora. Omíyalé Ògùnpa ti 31 Oṣù Kẹjọ 1980 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà nígbà tí òmíràn tún dé ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní ìlú náà, lára rẹ̀ sì ni ṣíṣe àwòṣe orí kọ̀ǹpútà láti mọ ibi tí àgbàrá yóò gbà àti ilé tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 2000, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bonn àti ti Cologne ní Jámánì bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí odò Ouémé nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ń jẹ́ IMPETUS. Odò yìí ń ṣàn kọjá lágbègbè Sábẹ̀ẹ́, tí ó jẹ́ ilẹ̀ ọmọ Oòduà. Wọ́n ri òṣùwọ̀n òjò àti òṣùwọ̀n odò mọ́lẹ̀ fún àwòṣe wọn. Ní Kútọnu, níbi tí omi mímu ti ń wá láti inú kànga-dẹ̀rọ Godomey, àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀ ti wúlò láti wo bí omi iyọ̀ ti adágún Nokoué ṣe lè yọ́ wọ inú omi tí a ń fà.

Ti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni ó gbajúmọ̀ jù. Ní 2018, lẹ́yìn ọ̀dá ọdún mẹ́ta, ìlú náà ń ṣírò ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi yóò dákẹ́, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Irú ìṣirò àpò tí a ṣe fún adágún Ọbà lókè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún náà, lítà 50 ni a gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti lò lójúmọ́. Nítorí pé aráàlú rí nọ́ńbà náà, tí wọ́n sì yí ìlò wọn padà, ọjọ́ tí a ń bẹ̀rù kò dé. Bí wọn kò bá wọn omi adágún wọn lóòrèkóòrè, nǹkan kan kò ní sí láti kéde.

Ojúṣe Olùkọ́

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àṣeyọrí ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá kò kéré sí ẹrù ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ omi jẹ́ ibi tí olùkọ́ òde òní lè gbà tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀.

Ìgò onírọ́bà tí a gé orí rẹ̀, tí a fi ẹ̀yìn rúlà sí lára, lè di òṣùwọ̀n òjò iléèwé. Okùn tí a ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, tí òkúta wà nídìí rẹ̀, lè wọn bí omi kànga ṣe jìn tó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka iye garawa tí ilé wọn ń lò lójúmọ́, kí wọ́n sì ṣírò lítà rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wà, a ó kó gbogbo rẹ̀ sí i. Bí kò bá sí, ìwé àjákọ tó. Iléèwé kan tí ó bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá láìdáwọ́ dúró yóò ní ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, tàbí ti ibòmíràn lè lò. Kò yẹ kí ìwé àkọsílẹ̀ náà bá olùkọ́ tí a gbé lọ sí iléèwé mìíràn lọ. Ti iléèwé ni.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ogun ni ó kó ènìyàn jọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lórí ilẹ̀ àpáta tí omi rẹ̀ kò pọ̀, àti pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ìsédò Erelú àti ti Ọbà wá ojútùú sí i ní 1961 àti 1964. Ó fi hàn pẹ̀lú pé adágún Ọbà, bí ó ti wù kí ó kún tó, kò lè la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá fún ìlú tí ó ti pọ̀ tó báyìí bí a kò bá dí páìpù tí ń jò, tí a kò sì kó ẹrẹ̀ inú adágún. Àwòṣe orí kọ̀ǹpútà lè sọ èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe àti iye ọjọ́ omi tí yóò fi kún tiwa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àwòṣe ni àkọsílẹ̀: òjò tí a wọ̀n, odò tí a wọ̀n, páìpù tí a ya àwòrán rẹ̀, ènìyàn tí a kà láìfi ìṣèlú sí i.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àkọsílẹ̀ ni orísun ètò omi. Ìwé àjákọ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òjò sí ní ọdún yìí lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ọmọ rẹ̀ tètè dé kíláàsì.